Ọ̀pá Ìwọ̀n Tó Wà Lẹ́yìn Ilẹ̀kùn Bàbá Mi

N kì í gba téèpù ẹnikẹ́ni gbọ́. Kì í ṣe pé inú mi burú. Iṣẹ́ káfíńtà tí mo kọ́ ló sọ mí dà bẹ́ẹ̀. Irin pẹlẹbẹ tó wà lórí téèpù, èyí tí a fi ń há etí pákó, máa ń tẹ̀ bó bá ti já lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Láti ọjọ́ náà ni yóò ti máa parọ́ fún ọ láìṣẹ́jú. Nítorí náà, bí mo bá fẹ́ wọn ohun tó ṣe pàtàkì, orí ínṣì kìíní ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀, n ó wá yọ ínṣì kan kúrò nínú ohun tí mo bá kà. Àwọn káfíńtà ẹgbẹ́ mi ní Ìlaró máa ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Wọ́n ní ọjọ́ tí mo bá dé ọ̀run, n ó kọ́kọ́ wo ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ bóyá ó gún.

Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe ń ṣe sí sìkúwíà, irin onígun tí a fi ń fa ìlà tó tọ́. Bí mo bá fẹ́ ra tuntun, n ó gbé e lé etí pákó, n ó fa ìlà kan. N ó yí i padà sí ẹ̀gbẹ́ kejì, n ó tún fa òmíràn láti ojú kan náà. Bí ìlà méjèèjì bá gun ara wọn, olóòótọ́ ni. Bí wọ́n bá yà bí ẹnu aláǹgbá, kí ẹni tó ń tà á máa gbé e lọ. Ìyàwó mi sọ pé bí mo ṣe ń ṣe sí ènìyàn náà nìyẹn: bí wọ́n bá sọ̀rọ̀ fún mi, n ó yí i padà, n ó tún fa ìlà rẹ̀ wò. Kò parọ́ mọ́ mi.

Ọ̀dọ̀ bàbá mi ní Ayétòrò ni mo ti kọ́ gbogbo rẹ̀. Káfíńtà ni wọ́n kí ogbó tó gba ayùn lọ́wọ́ wọn. Wọn kò fi bẹ́ẹ̀ náání téèpù. Ọ̀pá ni wọ́n ń lò. Bí Bàbá bá gba iṣẹ́, wọn a wá ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gún, wọn a sàmì gbogbo ìwọ̀n iṣẹ́ náà sára rẹ̀: gígùn, ìbú, ẹsẹ̀. Iṣẹ́ kan, ọ̀pá kan. Kò sí nọ́ńbà tí ènìyàn lè ṣì kà. Àmì náà kì í ṣe ìlà lásán, nítorí ìlà lásán ní ìbú tirẹ̀, o kò sì ní mọ apá ibi tí òdodo wà nínú rẹ̀. Ìlà kéékèèké méjì tó forí kora ni, ojú ibi tí wọ́n ti pàdé ni ìwọ̀n gan-an. Wọn a wá fi àgbélébùú kékeré sí apá ibi tí a máa gé sọnù, kí ayùn má baà jẹ ibi tí kò yẹ kó jẹ.

Pẹ́ńsùlù nìkan ni Bàbá gbà láyè fún àmì yìí. Bí wọ́n bá bá ojú ọ̀bẹ lára ọ̀pá ẹnikẹ́ni nínú àwa ọmọ iṣẹ́, ọ̀rọ̀ dé nìyẹn. Wọn a ní, "Àmì pẹ́ńsùlù ṣeé pa rẹ́. Ti ọ̀bẹ, àpá ni." Èèwọ̀ kan tún wà ní ṣọ́ọ̀bù wa tó ju ìyẹn lọ: a kì í na ọ̀pá ìwọ̀n sí ara ẹni tó ń mí. Òkú là ń na ọ̀pá sí lára, nítorí pósí. Bí a bá ń ṣeré tí ẹnì kan gbé téèpù kọ́ èjìká ẹlòmíràn, Bàbá a sọ iṣẹ́ ọwọ́ wọn sílẹ̀.

Ohun kan tún kù tí mo gbọ́dọ̀ sọ kí ọ̀rọ̀ mi tó lè yé ènìyàn. Lókè àjà ilé Bàbá, àwọn pákó ìrókò kan wà tí wọ́n fi okùn dì. Gbogbo ilé ló mọ iṣẹ́ wọn. Bàbá ti sọ ọ́ tipẹ́ pé àwọn kò ní wọ inú pósí tó ń dán yìnrìnyìnrìn tí wọ́n ń tà lẹ́bàá ọ̀nà, èyí tí bébà ni wọ́n fi lẹ inú rẹ̀. Ìrókò tí àwọn fọwọ́ ara àwọn fá ni kí a fi kan tiwọn. Bí wọ́n bá ń kọjá lábẹ́ rẹ̀, wọn a gbójú sókè, wọn a ní, "Ilé mi nìyẹn." Ọ̀rọ̀ náà kì í bá mi lára mu, ṣùgbọ́n a ti gbọ́ ọ títí ó ti mọ́ wa létí.

Nígbà tí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀, Bàbá àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ń gbé ilé náà. Tíṣà ni ẹ̀gbọ́n mi kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ìgbà tí ọkọ wọn kú ni wọ́n kó padà wá sílé. Èmi a máa wá láti Ìlaró ní òwúrọ̀ Sátidé, n ó jẹun, n ó sùn díẹ̀ lórí ẹní ní pálọ̀, n ó gun alùpùpù mi padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìgbàkígbà ni Bàbá ń sọ pé kí n sùn di ọjọ́ kejì. Ìgbàkígbà ni mo ń sọ pé ibùsùn tó wà ní yàrá mi àtijọ́ ti kúrú fún mi. Òótọ́ sì ni. Mo ga bíi Bàbá ní ìgbà èwe wọn. Bí mo bá sùn lórí ibùsùn yẹn, ẹsẹ̀ mi á yọ síta, ẹ̀yìn á sì máa dùn mí títí di ọjọ́ Ajé.

Sátidé kan, mo dé, mo na ọwọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn láti mú ìgbálẹ̀, ọwọ́ mi ba ọ̀pá. Mo fà á jáde. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó gún, wọ́n ti fá a dán. Àmì wà lára rẹ̀, ìlà méjì tó forí kora, àgbélébùú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ọwọ́ ilé wa ni, kò sí àní-àní. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ ni wọ́n fi ṣe é. Ó jinlẹ̀ débi pé èékánná mi wọ inú rẹ̀.

Mo ka ọ̀pá náà bí mo ṣe máa ń ka ọ̀pá. Èyí tó gùn jù lọ ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà. Kì í ṣe àga. Èkejì fẹ̀ ju èjìká ènìyàn lọ díẹ̀. Kì í ṣe ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn kì í ní ìwọ̀n kẹta, ìwọ̀n kẹta sì wà níbẹ̀, ó kúrú. Ohun tó gùn, tó ní ìbú, tó sì ní gíga. Mo gbójú sókè àjà. Pákó ìrókò kò sí níbẹ̀ mọ́. Okùn tí wọ́n fi dì í nìkan ló ń fì.

Ẹ̀gbọ́n mi wà ní ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ń yọ ẹ̀gúsí. Mo gbé ọ̀pá náà lọ bá wọn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀pá wo nìyí?"

Wọn kò tilẹ̀ gbójú sókè dáadáa. "A fi ń ká ìbẹ́pẹ ni."

Mo wo orí ọ̀pá náà. Kò sí ìkọ́, kò sí pàlàkà, kò sí ohun tó lè ká nǹkan kan. Mo wọlé, mo mu omi, mo tún padà síta bí ẹni tó gbàgbé pé òun ti bèèrè.

"Ẹ ní kí lẹ fi ọ̀pá yẹn ṣe?"

"A fi ń lé ewúrẹ́ aládùúgbò ni."

Ìlà kìíní, ìbẹ́pẹ. Ìlà kejì, ewúrẹ́. Ojú kan náà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ti yà. Mo mọ̀ nígbà yẹn pé nǹkan ń bẹ lábẹ́ aṣọ.

Mo lọ bá Bàbá nínú pálọ̀. "Bàbá, àwọn pákó yín ńkọ́?"

Bàbá kọ ojú sí fèrèsé. "Wọ́n wà níbi tó yẹ kí wọ́n wà."

Mo tún bèèrè ohun mìíràn, ojú fèrèsé náà ni wọ́n tún ń wò. Bàbá mi, tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ ṣe ni ojú wọn máa ń gún un títí yóò fi jẹ́wọ́, kò wò mí lójú. Inú bí mi. Mo rò ó pé wọ́n ti fi ohun kan dẹ́rù ba ọkùnrin yìí, tàbí pé wọ́n ti jọ gbìmọ̀ ohun tí wọn kò fẹ́ kí n mọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ro ẹ̀gbọ́n mi ní ìròkurò, ẹ̀gbọ́n tó pọ̀n mí dàgbà. Mo rò ó pé ó ti sú wọn. Mo rò ó pé wọ́n ti ń kan pósí de ẹni tó ṣì ń fọwọ́ ara rẹ̀ jẹ ẹ̀bà.

Orí èyí ni mo wà nígbà tí ọ̀kadà kan dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀, téèpù wà ní ìgbànú rẹ̀. Káfíńtà láti Ìmẹ̀kọ ni. Mo mọ̀ ọ́n lójú, ó ti bá Bàbá ṣiṣẹ́ rí. Bó ṣe rí mi, ó dúró bí ẹni tó ṣi ilé yà.

"Ẹ kú ilé o," ó ní. "Mo ní kí n ya kí Bàbá ni."

"Ẹ káàbọ̀," mo ní. "Ẹ jẹ́ n rí téèpù yín."

Ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ lọ síbi ìgbànú, ó wá yọ ọ́ fún mi. Èyí tí wọ́n ń kó wá láti Kútọnu ni, sẹ̀ǹtímítà nìkan ló wà lára rẹ̀, kò sí ínṣì. Mo wo irin orí rẹ̀. Ó ti tẹ̀. Mo dá a padà fún un. Lẹ́yìn èjìká mi, mo gbọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi pòṣé. Nígbà tí mo yíjú, orí ni wọ́n ń mì sí ọkùnrin náà, irú orí tí a ń mì sí ẹni tí a fẹ́ kó máa lọ.

"N ó padà wá," ó ní. Ó gun ọ̀kadà tó gbé e wá, ó lọ. Kò wọlé kí Bàbá tó ní òun wá kí.

Kí ni káfíńtà ń wá nílé káfíńtà tó ti fẹ̀yìn tì? Mo jókòó sórí àga ìta, mo ń ta ẹsẹ̀. Nígbà tó ṣe, Bàbá dìde, wọ́n fọwọ́ tọ ògiri lọ sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n dúró níbẹ̀ láti gba atẹ́gùn. Mo ṣọ́ ibi tí fìlà wọn dé lára òpó ilẹ̀kùn. Nígbà tí wọ́n wọlé, mo gbé ọ̀pá náà síbẹ̀. Kì í ṣe ara wọn ni mo gbé e sí, òpó ilẹ̀kùn ni. N kò lè fọ́ èèwọ̀ ilé wa nítorí ìbínú. Àmì gígùn ọ̀pá náà ga ju ibi tí fìlà dé lọ gan-an. Ogbó ti tẹ Bàbá, wọ́n ti kúrú. Kò sí káfíńtà tó mọṣẹ́ tó máa fi irú àyè bẹ́ẹ̀ ṣòfò nínú pósí. Ọ̀pá yìí kì í ṣe ti Bàbá.

Ọkàn mi kọ́kọ́ balẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìwà mi bá tún sọ fún mi pé kí n yí i padà. Bí kì í bá ṣe ti Bàbá, ta ló ni ín?

Mo fi ẹ̀yìn ti òpó náà. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ orí mi, mo sàmì síbẹ̀, mo gbé ọ̀pá lé e. Àmì gígùn náà fi ìwọ̀n ọwọ́ kan ju orí mi lọ. Ìwọ̀n ọwọ́ kan, àyè tí a máa ń fi sílẹ̀ fún ẹni tó dùbúlẹ̀.

N kò mọ bí mo ṣe dé ibi tí ẹní mi wà, ibi kan ṣoṣo tí mo ti ń dùbúlẹ̀ nílé yìí. Ẹní tí mo máa ń sùn lé lọ́sàn-án ni, wọ́n ká a sí igun pálọ̀. Mo tú u sílẹ̀. Ní òkè rẹ̀, ṣọ́ọ̀kì. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, ṣọ́ọ̀kì. Ẹnì kan ti dúró lé mi lórí nígbà tí mo ń hanrun, ó sì ti sàmì sí ibi tí orí mi wà àti ibi tí ẹsẹ̀ mi dé. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mí, mo ń kọ́ àwọn àgbà ní Bíbélì ní ọjọ́ Ìsinmi. Síbẹ̀, n kò ní parọ́. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo fọwọ́ kan àyà mi bóyá ó ṣì ń lù.

Ẹ̀rù náà pẹ́ díẹ̀ kó tó di ìbínú. Mo tẹ́ ẹní náà síwájú Bàbá, mo pe ẹ̀gbọ́n mi wọlé, mo fi ọ̀pá lu ilẹ̀.

"Ta ló wọ̀n mí nínú ilé yìí?"

Ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ bo ẹnu.

"Mo ní ta ló wọ̀n mí! Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi, Bàbá, pé a kì í na ọ̀pá sí ara ẹni tó ń mí. Kí ni mo ṣe fún yín?"

"Ta ló na ọ̀pá sí ọ lára?" Bàbá ní. Ohùn wọn kò lọ sókè. "Ẹní la wọ̀n. Ṣé o ti gbàgbé bí a ṣe ń wọn ibùsùn fún ẹni tó ga ni?"

Mo ti gbàgbé lóòótọ́. Kí fóòmù tó gbòde, kó tó di pé bí fóòmù bá ṣe gùn náà ni ibùsùn ń gùn, ẹni tó bá ga tó fẹ́ ibùsùn a sùn sórí ẹní rẹ̀. Wọn a fi ṣọ́ọ̀kì tàbí èédú sàmì sókè àti sísàlẹ̀, ẹni náà a dìde, ọ̀pá a wá wọn ẹní. Bẹ́ẹ̀ ni Bàbá ṣe ń bọ́ lọ́wọ́ èèwọ̀ tí iṣẹ́ sì ń lọ. Èmi fúnra mi ti ká irú ẹní bẹ́ẹ̀ rí.

"Gbé ọ̀pá náà fún mi," Bàbá ní.

Mo nà á sí wọn. Ọwọ́ wọn jáde, ó lọ sí apá òsì, ó ń wá a nínú afẹ́fẹ́. Ọ̀pá wà ní apá ọ̀tún. Mo dúró. Mo wo ojú wọn, ojú tí mo ti rò pé ó ń sá fún mi láti òwúrọ̀. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà ló ń kọjú sí, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi mú ọwọ́ wọn, wọ́n gbé e lé ọ̀pá náà. Àtàǹpàkò Bàbá sáré lọ lára rẹ̀ títí ó fi bọ́ sínú ojú ọ̀bẹ àkọ́kọ́.

"Gígùn nìyí," wọ́n ní. Ó tún lọ. "Ìbú nìyí." Ó tún lọ, ó dúró. "Ẹsẹ̀ rẹ̀ nìyí. Mo gbé e sókè díẹ̀, nítorí ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́."

"Láti ìgbà wo ni ojú Bàbá ti ń ṣú?" mo ní.

"Kó tó di ọdún tó kọjá ló ti ń ṣú," ẹ̀gbọ́n mi ní. "Bàbá ní bí mo bá sọ fún ọ, wàá wá kó àwọn irinṣẹ́ wọn lọ. Wọ́n ní kí n dúró kí iṣẹ́ yìí parí ná. Kí ni n bá ti sọ fún ọ? O kì í gba ohun tí ènìyàn bá sọ gbọ́."

Wọ́n mú mi lọ sí abẹ́ páànù tó wà ní ẹ̀yìn balùwẹ̀. Ibùsùn kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi àpò sìmẹ́ńtì bò. Ará Ìmẹ̀kọ ló bá Bàbá fi ayùn gé e. Àmì gbogbo tó wà lára rẹ̀, Bàbá ló fi ọ̀bẹ ṣe é. Wọn kò tíì fi òróró pa á. Ṣùgbọ́n mo mọ àwọn pákó náà. Láti kékeré ni mo ti ń wò wọ́n lókè àjà.

Bàbá ti tẹ̀lé wa jáde, wọ́n ń fọwọ́ tọ ògiri.

"Bàbá," mo ní, "èyí tí ẹ fi pa mọ́ fún ara yín nìyí. Kí la máa fi ṣe tiyín?"

"Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá rí. Òkú kì í ráhùn pé ẹsẹ̀ òun yọ síta." Wọ́n mí kanlẹ̀. "Ìwọ lò ń ráhùn. Bóo bá ti dé, o ti ń lọ."

Mo bú sẹ́kún bí ọmọdé. N kò tijú.

Nígbà tí mo nu ojú mi tán, Bàbá ní, "Ó yá, yọ téèpù rẹ. Mo mọ̀ pé o fẹ́ wọ̀n ọ́n wò." Òótọ́ ni, ọwọ́ mi ti wà nínú àpò. Mo yọ ọwọ́ náà lófìfo. Mo lọ mú ẹní oníṣọ́ọ̀kì náà wá, mo tẹ́ ẹ sórí pákó ìrókò, mo bọ́ bàtà, mo dùbúlẹ̀. Bàbá gba ìsàlẹ̀ ibùsùn yíká, wọ́n ń wá ẹsẹ̀ mi. Wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ wá a níta, níbi tó máa ń yọ sí lórí ibùsùn àtijọ́. Kò sí níbẹ̀. Wọ́n wá a wọ inú, wọ́n bá a.

"Ó tó?"

"Ó tó, Bàbá."

Mo pe ìyàwó mi lórí fóònù pé n kò ní padà wálé di ọ̀la. Mo mọ̀ pé ó ń yí ọ̀rọ̀ náà padà, ó ń fa ìlà rẹ̀ wò. N kò sùn ní Ayétòrò rí láti ìgbà tí a ti fẹ́ra.

"Ọ̀dọ̀ ta lẹ wà?" ó ní. "Ẹ fi Bàbá sórí fóònù."

Mo dìde jókòó lórí ibùsùn náà, mo na fóònù, mo gbé e lé wọn létí. Bàbá kò jẹ́ kí ọwọ́ wọn kúrò níbi tó wà.

"Ìyàwó mi," wọ́n ní, "ọ̀dọ̀ mi ló wà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo dì mú yìí."